Ìsinmi Ìgbà Ìwọ́wé ní Ìgbèríko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Àǹfààní Rẹ̀ fún Ìlera àti Ohun Tó Yẹ Kí Arìnrìn-àjò Ṣọ́ra Fún

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Òwe yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀lẹ ni ẹni tó bá jókòó sinmi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó pa òwe náà kò sọ òru di ọ̀sán. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, àgbẹ̀ a gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, a sì forí lé ilé. Bí ó bá jẹun tán, a jókòó síta gba afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà a lọ sùn. Lóde òní, iná mànàmáná, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká àti ìnáwó tí kò lópin ti mú kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa fi òru ṣiṣẹ́, yálà ní Èkó, ní Kánò tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àìróorunsùn àti àárẹ̀ tí kì í lọ bọ̀rọ̀ sì ti di ẹ̀sùn tí àwọn dókítà ń gbọ́ lójoojúmọ́ lẹ́nu àwọn tó ń wá sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀kan lára ọ̀nà tí àwọn ará Ìlú Ọba fi ń wá ìsinmi ni pé kí wọ́n fi ìlú ńlá sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nígbà ìwọ́wé, kí wọ́n sì lọ dé sí ilé ìtura kékeré kan ní ìgbèríko, èyí tó jẹ́ ilé àwọn ọlọ́lá láyé àtijọ́. Àwọn kan lára àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé lọ́hùn-ún, àti lára àwọn tó ń ti Nàìjíríà lọ kí ọmọ àti ẹbí, náà máa ń lọ. Ìbéèrè tó wá jẹyọ ni pé: kí ni irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ara? Ǹjẹ́ ẹni tí kò lówó rẹ̀ lè rí àǹfààní kan náà níbòmíràn? Kí sì ni ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún kí ìsinmi má bàa di àìsàn?

Kí ni ìgbà ìwọ́wé?

Àsìkò òjò àti àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́rin ni ọdún pín sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà ìwọ́wé ni ó wà láàárín ìgbà ooru àti ìgbà òtútù, láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kọkànlá. Bí ọ̀sán ti ń kúrú tí òtútù sì ń wọlé, èròjà tó fún ewé ní àwọ̀ tútù rẹ̀ a máa tán lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ọsàn tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ a wá yọ síta, igbó a sì pọ́n bí ẹyin iná kí ewé tó wọ́ sílẹ̀.

Ìyípadà tó kan ara ènìyàn jù lọ ní àsìkò yìí ni ti ìmọ́lẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ojúmọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù ń tó nǹkan bíi wákàtí 12. Nígbà tí yóò bá fi di ìparí oṣù Kọkànlá, kò ju nǹkan bíi wákàtí 8 lọ mọ́. Ní Èkó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúmọmọ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù nínú ọdún kò tó wákàtí kan. Ìdí nìyí tí ara ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba fi máa ń ṣàjèjì sí bí ilẹ̀ ti ń yára ṣú.

Ilé ọlọ́lá tó di ilé ìtura

Láyé àtijọ́, ẹni tó ní ilẹ̀, oko àti igbó, tí ó sì ní àwọn àgbẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ni ó máa ń kọ́ irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀ sí ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí owó orí àti owó ìtọ́jú ilé di ẹrù wúwo ní ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ lára àwọn ìdílé wọ̀nyí ta ilé wọn. Wọ́n wó àwọn kan, àwọn kan di ilé-ìwé, àwọn mìíràn sì di ilé ìtura.

Àpẹẹrẹ kan ni Gravetye Manor, tó wà nítòsí ìlú East Grinstead ní agbègbè West Sussex, níbi tí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Gatwick. Ọdún 1598 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní ọdún 1884, William Robinson, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó jẹ́ gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ ọgbà, ra ilé náà. Robinson ti kọ ìwé kan ní ọdún 1870, nínú èyí tó ti gbà àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n jẹ́ kí òdòdó àti igi hù bí wọ́n ti ń hù nínú igbó, dípò kí wọ́n máa gé wọn ní ọlọ́nà-ọlọ́nà. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kẹ̀kẹ́ arọ ni ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ìkẹyìn rẹ̀ lé, kò fi ọgbà rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1935 ni ó kú, lẹ́ni ọdún 96. Ilé náà di ilé ìtura ní ọdún 1958. Yàrá rẹ̀ kò tó ogún, inú ọgbà olódi tí Robinson ṣe ni wọ́n sì ti ń ká ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ àti èso tí àlejò ń jẹ.

Irú ilé ìtura báyìí kò jọ àwọn ilé alájà púpọ̀ tó wà láàárín ìlú. Àlejò kì í pọ̀ níbẹ̀, ariwo ọkọ̀ kì í débẹ̀, igbó àti pápá sì yí i ká. Lówùúrọ̀, àlejò a wọ bàtà tó ga, a rìn lórí ewé gbígbẹ lọ sí etí adágún omi. Ní ọ̀sán, a mu tíì. Ní ìrọ̀lẹ́, a jókòó ti iná igi, a ka ìwé tàbí kí ó bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, a sì tètè lọ sùn. Kò sí oògùn kankan nínú gbogbo èyí, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ìlera ti rí i pé wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ara.

Ìgbàgbọ́ tó ti pẹ́

Kì í ṣe òde òní ni wọ́n ti ń rán aláàárẹ̀ lọ sí ìgbèríko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1788, àwọn dókítà Ọba George Kẹta gbà á níyànjú pé kí ó lọ mu omi ìsun tó wà ní ìlú Cheltenham nítorí àìlera rẹ̀. Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà ogun Crimea, náà tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀ nípa ìtọ́jú aláìsàn, tó jáde ní ọdún 1859, pé afẹ́fẹ́ tó mọ́ ni aláìsàn nílò ṣáájú ohun gbogbo, pé ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé e, àti pé ariwo tí kò nídìí ń pa aláìsàn lára.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ ilé ńlá ìgbèríko di ilé ìwòsàn fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Ní Cliveden, lẹ́bàá odò Thames, ìdílé Astor yọ̀ǹda apá kan ilẹ̀ wọn kí àwọn ará Kánádà lè dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, ilé ìtura ni ilé ńlá Cliveden.

Ó yẹ kí a sọ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn ará ìgbà náà gbà gbọ́ ló tọ̀nà. Omi ìsun Cheltenham kò wo ọba sàn, nítorí àìsàn ńlá mìíràn dé sí i ní ọdún yẹn kan náà. Èyí ni ìdí tó fi yẹ kí a ya ohun tí ìwádìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹnu lásán ń sọ.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Èkíní ni pé àṣejù iṣẹ́ ń pa ènìyàn. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, pẹ̀lú Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, gbé ìṣirò kan jáde. Wọ́n ní ènìyàn bíi 745,000 ni àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn tó jẹ mọ́ iṣẹ́ àṣejù pa ní ọdún 2016. Gẹ́gẹ́ bí àbájáde náà, bí a bá fi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ wé ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ rẹ̀ fi nǹkan bíi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga jù. Ewu pé kí àrùn ọkàn pa á náà sì fi nǹkan bíi ìdá 17 ga jù.

Èkejì ni pé ohun tí ojú ń rí ń kan ara. Ní ọdún 1984, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Roger Ulrich, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ó yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 46 wò, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Fèrèsé yàrá ìdajì wọn kọjú sí igi, ti ìdajì yòókù sì kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tó ń wo igi tètè padà sílé, oògùn apàrora líle tí wọ́n sì lò kéré sí ti àwọn tó ń wo ògiri.

Ẹ̀kẹta ni ti ìrìn nínú igbó àti pápá. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2019, lórí nǹkan bíi 20,000 ènìyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé àwọn tó ń lo ó kéré tán 120 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ní ibi tí igi àti koríko wà ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ara àwọn le, ọkàn àwọn sì balẹ̀. Ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lọ tàbí ìgbà púpọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Àmọ́ ìwádìí yìí kò lè sọ pàtó pé igbó ló fa ìlera náà, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó sábà máa ń lágbára láti jáde rìn. Ohun tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ ni pé ìrìn dára fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀. WHO gba àgbàlagbà níyànjú pé kí ó máa lo ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ fún ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí eré ìdárayá mìíràn tó bá a dọ́gba.

Oorun àti òkùnkùn

Bóyá àǹfààní tó tóbi jù lọ tí àlejò ń rí ní ìgbèríko ni oorun. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ojú a ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé alẹ́ ti lẹ́, ọpọlọ a sì tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà yìí ló ń sọ fún ara pé àkókò oorun tó. Iná tó mọ́lẹ̀ gan-an, pàápàá èyí tó ń tàn láti ojú tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ alágbèéká, lè fa ìdádúró fún un. Ní ìgbèríko, níbi tí kò sí iná títì, òkùnkùn ìgbà ìwọ́wé a ṣú dùdù, ara a sì gbọ́ ìkéde náà ketekete.

Àgbàlagbà nílò oorun tó tó wákàtí 7 ó kéré tán lóru kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn bá sùn dáadáa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a rọlẹ̀ lóru, ọkàn a sì rí ìsinmi. Ẹni tí kì í sùn tó lóṣù mọ́ oṣù ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ìsanrajù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣe pàtàkì. Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni ìsinmi ń wò. Bí ẹnì kan bá sun oorun wákàtí 8 lóru mẹ́ta léraléra, tí ó sì jí pẹ̀lú àárẹ̀ kan náà, ó yẹ kí ó rí dókítà. Àìtó ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè wà nídìí rẹ̀. Bákan náà, bí aya bá ṣàkíyèsí pé ọkọ òun ń han-run kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ sì ń dúró díẹ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan há lọ́nà ọ̀fun, kí ó má fi ṣàwàdà. Àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ru láìjẹ́ pé oògùn ń ràn án.

Oúnjẹ àti ìgbádùn

Oúnjẹ àárọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìtura sábà máa ń ní ẹyin, sọ́séèjì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, ẹ̀wà inú ọbẹ̀ tòmátò àti búrẹ́dì tí wọ́n yan. Iyọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. WHO ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò yẹ kí ó tó gíráàmù 5, nítorí náà ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè béèrè fún ẹyin, olú, tòmátò àti ọkà òótì dípò ẹran oníyọ̀. Tíì ọ̀sán pẹ̀lú àkàrà òyìnbó àti jáàmù kún fún ṣúgà. Kí alátọ̀gbẹ tọ́ ọ wò níwọ̀nba, kí ó má sì fo àkókò oògùn rẹ̀. Èso ìgbà ìwọ́wé bíi ápù àti píà, àti elégédé, dára fún gbogbo ènìyàn.

Ní ti ọtí, ọ̀pọ̀ gbà pé ó ń mú oorun wá. Òótọ́ ni pé ó ń mú ènìyàn tètè sùn, ṣùgbọ́n ó ń ba oorun apá kejì òru jẹ́, ó sì ń mú kí ènìyàn máa jí. Ẹni tó rìnrìn-àjò wá nítorí oorun kò yẹ kí ó fi ọtí bà á jẹ́.

Àwọn ilé ìtura kan ní ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá olómi gbígbóná, àti yàrá ooru tí wọ́n ń pè ní sauna. Ooru bẹ́ẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, kí òòyì sì kọ́ ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Aláboyún àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Kò sì dára kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti inú ooru bọ́ sínú omi tútù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó yẹ kí arìnrìn-àjò ṣọ́ra fún

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn ohun wọ̀nyí ni ó yẹ kí ẹni tó ń lọ mọ̀ kí ó tó kúrò nílé.

Òtútù: Òtútù ń mú kí àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà sún kì, èyí sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ kó oògùn tó pọ̀ tó ìrìn-àjò rẹ̀ dání, nínú àpò tí yóò gbé lọ́wọ́, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú. Aago Ìlú Ọba àti ti Nàìjíríà bára mu nígbà ooru. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń dá aago padà sẹ́yìn pẹ̀lú wákàtí kan lọ́hùn-ún. Nítorí náà, àkókò lílo oògùn kò yí padà púpọ̀.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde: Àwọn tó ní àrùn yìí ni ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra jù lọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń tẹ̀ bí dòjé, ó sì máa ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Òtútù, àìmu omi tó àti àárẹ̀ wà lára ohun tó ń fa ìrora ńlá fún wọn. Kí wọ́n wọ aṣọ ní ìpele-ìpele, kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà bo ara, kí wọ́n máa mu omi tàbí ohun mímu gbígbóná nígbà gbogbo, kí wọ́n má sì wẹ̀ nínú adágún tàbí omi tútù. Bí ìrora tí oògùn ilé kò ká, ibà tàbí ìnira àyà bá bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Ilé ìtura tó jìnnà sí ìlú dára fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti mọ ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ọn jù kí wọ́n tó lọ.

Ìjókòó pípẹ́: Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ òfurufú ń lò ju wákàtí mẹ́fà lọ. Ìrìn-àjò tó bá ju wákàtí mẹ́rin lọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ẹsẹ̀. Kí arìnrìn-àjò máa dìde rìn, kí ó máa mi ọrùn ẹsẹ̀, kí ó sì máa mu omi.

Èéfín àti iná: Èéfín iná igi lè ru ikọ́ fée sókè, ẹni tó ní in lè béèrè fún yàrá tí kò ní iná igi. Kò sì sí ìgbà tó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀yín iná wọ yàrá láti fi yá ara. Afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide, tó ń ti ara èédú tó ń jó jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Òun kan náà ni ó ń ti ara jẹnẹrétọ̀ jáde, tó ti pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun ní Nàìjíríà.

Eégbọn àti olú igbó: Àwọn eégbọn kan nínú igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kó àrùn Lyme ran ènìyàn. Kí ẹni tó ń rìn nínú koríko gíga wọ ṣòkòtò tó dé ọrùn ẹsẹ̀, kí ó sì yẹ ara rẹ̀ wò bí ó bá dé. Bí ibi pupa kan bá yọ lára tí ó sì ń fẹ̀ sí i, kí ó rí dókítà. Ní ti olú, ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń hù jù lọ, àwọn kan lára wọn sì ní oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ títí dé ojú ikú. Ẹni tó mọ olú ilé dáadáa kò ní kó ìmọ̀ náà lọ sí igbó òkèèrè. Ojú ni kí ó fi wò ó.

Fítámì D: Oòrùn ló ń jẹ́ kí awọ ara ṣe fítámì D, tó ń mú egungun le. Oòrùn ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù kò lágbára tó lọ́hùn-ún, awọ dúdú sì nílò oòrùn jù. Ìjọba Ìlú Ọba gba gbogbo ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n ronú àtimáa lo 10 máíkírógíráàmù fítámì yìí lóòjọ́ láàárín ìgbà ìwọ́wé àti òtútù. Ó gba àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé níbẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n rò ó jálẹ̀ ọdún.

Àǹfààní tí kì í pẹ́

Àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí ohun kan tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò kò mọ̀. Ara tó yá gágá lẹ́nu ìsinmi kì í pẹ́ padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn òṣìṣẹ́ fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tí ènìyàn bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, nígbà mìíràn kí ó tó tó bẹ́ẹ̀ pàápàá, àǹfààní ìsinmi náà ti sábà máa ń pòórá. Ọjọ́ mẹ́ta ní ilé ọlọ́lá kò lè san gbèsè oorun oṣù mọ́kànlá.

Ibí yìí ni ìrètí wà fún ẹni tí kò lówó. Alẹ́ kan ní irú ilé ìtura báyìí lè gba ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ohun tó ń ṣe ara lóore níbẹ̀ wò dáadáa, oorun ni, òkùnkùn ni, ìrìn ni, afẹ́fẹ́ tó mọ́ ni, àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Owó ń ra ibùsùn onímọ̀ńdẹ̀ àti ẹni tó ń gbé tíì wá. Àwọn ohun márùn-ún yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ gba owó.

Ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn tàbí ilé ìtọ́jú arúgbó ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù lè wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Loughton, kí ó sì fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé igbó Epping. Òfin ọdún 1878 ló dáàbò bo igbó náà fún ìgbádùn gbogbo ènìyàn. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 2,400, ẹnikẹ́ni kò sì san owó kí ó tó wọ̀ ọ́. Ewé tó ń wọ́ níbẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá kò yàtọ̀ sí èyí tó ń wọ́ níwájú ilé ọlọ́lá.

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà náà kò gbọ́dọ̀ dúró de ìwé ìrìnnà. Ìsun Ìkógòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ìsun Wikki ní Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, àti òkè Obudu ní Cross River wà fún ẹni tó bá ní agbára rẹ̀, tí ó sì ti wádìí bí ààbò ṣe wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá lè lọ síbẹ̀ lè jí rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó mú, kí ó pa ẹ̀rọ alágbèéká rẹ̀ ní wákàtí kan kí ó tó sùn, kí ó sì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tí kò ní gba iṣẹ́ kankan. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́

Òfin náà mọ̀ pé ìsinmi kì í ṣe ojúrere. Ní Ìlú Ọba, òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ó kéré tán ọjọ́ 28 ìsinmi lọ́dún pẹ̀lú owó oṣù. Ní Nàìjíríà, Òfin Òṣìṣẹ́ sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 pẹ̀lú owó. Kò sì fàyè gbà kí agbanisíṣẹ́ fi owó dípò ìsinmi náà nígbà tí òṣìṣẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ń ta ìsinmi wọn nítorí owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó ilé. A kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí bùkátà kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé owó tí wọ́n gbà lónìí lè jẹ́ owó tí wọn yóò fi tọ́jú àrùn rọpárọsẹ̀ lọ́la.

Àwọn onímọ̀ ìlera gbà pé kí ẹni tó ti lé lógójì ọdún máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó máa lo oògùn rẹ̀ bí dókítà ti wí, kí ó sì máa sùn tó. Igi tó wọ́wé kò kú. Ó ń sinmi kí ó lè rúwé lọ́dún tó ń bọ̀ ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ṣe, tí ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ó sinmi, ni yóò jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́. Ìlera loògùn ọrọ̀.